Yìgì Tó Gbé Nabeelah Dé Àárín Odò

Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Nabeelah. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n Ìlọrin kì í ṣe ìlú téèyàn ti ń fi orúkọ ọmọ àáfà ṣeré. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí tó sì dá a mọ̀, ẹ dákun, ẹ fọwọ́ bo ẹnu. Ohun tójú rẹ̀ ti rí ti tó.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé e jáde. Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní, "Kí ló tún kù tí mò ń bò? Ẹ kọ ọ́, kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa gba ọ̀nà tí mo gbà."

Ọmọ Àáfà Abdulhaleem tó ní ilé-kéú ní Ọjà Tuntun ni. Ó kàwé jáde ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa igbó, ilẹ̀ àti omi ló kọ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré iṣẹ́ ìjọba kiri, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wọ tiẹ̀ lójú. Àjọ aláàánú kan tí wọ́n ń pè ní Aàbò Odò ń wá ẹni tí yóò lọ gbé ní Fókógí, erékùṣù kékeré kan láàrin odò Ọya, lápá ọ̀dọ̀ àwọn Tápà. Odò ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti jẹ ògiri mọ́sálásí wọn kan. Ẹni tí wọ́n ń wá yóò máa bá àwọn obìnrin ibẹ̀ gbin ọparun sí bèbè, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di ilẹ̀ mú.

Wọ́n mú Nabeelah. Inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ bá bàbá rẹ̀.

"Láàrin omi?" Àáfà bi í.

"Bàbá, ilẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi àti obìnrin kan tí a jọ máa ṣiṣẹ́, Títílayọ̀, ará Òmù-Àrán."

Àáfà yí tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀. "Nabeelah, n ò ní kí o má ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ kò ní kúrò nílé mi kó lọ máa dá gbé níbi tí mi ò lè sáré dé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá lọ́kọ, tí ọkọ rẹ bá ní kí o lọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Nabeelah sunkún, ó rán àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i, ó kọ oúnjẹ. Pàbó ló já sí. Kí n sọ ọ́ síwájú, Àáfà Abdulhaleem kì í ṣe èèyàn líle. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbọ́ ohun tó ń wá. Ibi tí bàbá parí ọ̀rọ̀ sí ni òun ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Post Office, Abdulfattah. Wọ́n jọ kéwú ní kékeré. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tó bá ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu. Òun nìkan ni màmá rẹ̀, Ummu Kulthum, bí. Àdúgbò Adéwọlé ni ìyá àti ọmọ jọ ń gbé, bàbá ti kú tipẹ́. Ó ti sọ fún Nabeelah nígbà kan pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nabeelah dá a lóhùn pé, "Abdulfattah, bí ẹ̀gbọ́n lo ṣe rí sí mi." Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó. "Ṣé o ṣì fẹ́ fẹ́ mi?"

Irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Abdulfattah. Ó ń wò ó.

"Yìgì orúkọ lásán ni o," Nabeelah tètè sọ. "Kí bàbá mi lè jẹ́ kí n lọ ni. Tí ó bá di ọdún kan, tí mo bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́hùn-ún, o kọ̀ mí sílẹ̀, kálukú á máa bá tiẹ̀ lọ."

Abdulfattah mú irinṣẹ́ náà nílẹ̀. Ó wá ní, "Nabeelah, ọmọ àáfà ni ẹ́. O mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta wà tí kò ní àwàdà. Yìgì, ìkọ̀sílẹ̀, àti kí ọkọ gba aya rẹ̀ padà. Ẹni tó bá fi ṣeré, ó ti ṣe é lóòótọ́ nìyẹn."

"Ta ló máa mọ̀? Èmi àti ìwọ ni."

"Èmi àti ìwọ àti Ọlọ́hun."

"Tí o ò bá lè ṣe é, sọ ọ́, kí n lọ bá ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin, tí obìnrin ọ̀hún ní òun máa lọ so yìgì mọ́ ẹlòmíràn, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Nabeelah mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó sọ fún mi pé òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé bí òun ṣe ń sọ ọ́ lòun ń wo ojú rẹ̀.

"Màá ṣe é," Abdulfattah wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí màámi mọ̀ láé. Kò ní lè gbé e."

Pálọ̀ Àáfà Abdulhaleem ni wọ́n ti so yìgì náà. Kùránì kan ni Nabeelah gbà ní sàdáàkì. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ ọkùnrin yìí. Nabeelah dákẹ́, ó dorí kodò. Àwọn àáfà tó jókòó ní ìdákẹ́ wúńdíá ni bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀, wọ́n ṣe Fátíhà, ó parí. Gbogbo wọn rò pé ìtìjú ló ń ṣe é.

Ummu Kulthum fà á mọ́ra. Ó ní, "Ọmọ kan ni Ọlọ́hun fún mi. Lónìí, ó di méjì." Omi lé ròrò sí arúgbó náà lójú. Nabeelah rí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta, wọ́n ní kì í wo ẹnu àáké.

Ohun tí wọ́n sọ fún ilé ni pé ọkọ gbà kí ìyàwó lọ, pé òun á máa lọ bá a níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, á sì padà lọ́jọ́ Àìkú.

N ò ní parọ́ fún yín, Fókógí gba Nabeelah. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pè é ní Màláámà, ìyẹn olùkọ́ obìnrin. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín nítorí Tápà tó ń sọ, wọ́n sì ń kọ́ ọ. Láàárọ̀, wọ́n á tò sí bèbè pẹ̀lú ọkọ́ àti ọparun kéékèèké, wọn á máa gbìn, wọn á máa kọrin. Ó sọ fún wọn pé gbòǹgbò ọparun yìí máa di ilẹ̀ wọn mú, omi ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́. Wọ́n gbà á gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó sọ nǹkan tí odindi ìlú gbà á gbọ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé òun lọ́kọ. Kí ló máa sọ ọ́ fún?

Ní Adéwọlé, ní tiwọn, irọ́ náà ti di iṣẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Kí Abdulfattah tó kúrò nílé láàárọ̀, Ummu Kulthum á ti ro tùwó ìrẹsì, á ti din wàrà, á kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà. "Gbé e fún ìyàwó rẹ. Sọ fún un pé mo kí i." Abdulfattah á gbé kúlà kọ́ ọwọ́, á wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà, á sì lọ sí Post Office. Ibẹ̀ ló ń sùn títí di ọjọ́ Àìkú, lórí fóòmù kan tó tẹ́ sẹ́yìn káńtà.

Á pe Nabeelah. "Màámi tún ti ṣe tùwó o. Ṣé kí n kúkú gbé e wá?"

"Omi ti kún. Ọkọ̀ ò rìn."

Lọ́sẹ̀ mìíràn, Nabeelah á ní àlejò wà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà sú u, ó ní, "Abdulfattah, a ti parí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Tí o bá dé ibí, ta ni màá pè ọ́ fún wọn? Fi oúnjẹ náà fún àwọn tí ẹ jọ wà níbẹ̀, ẹ jọ jẹ ẹ́."

"Òótọ́ ni," Abdulfattah wí. Kò pariwo mọ́ ọn rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Ọdún kan tí wọ́n dá pé. Abdulfattah ò mẹ́nu kan ìkọ̀sílẹ̀. Nabeelah náà ò mẹ́nu kàn án, ìdí tirẹ̀ sì yàtọ̀. Obìnrin tí wọ́n bá kọ̀ sílẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí. Yìgì yẹn ló jẹ́ kó wà ní Fókógí. Bó bá já a, Ọjà Tuntun ló kàn. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń gbin ọparun rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tiwọn ò tiẹ̀ tó ọdún méjì.

Nígbà òjò ọdún kejì, Ummu Kulthum bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ. Ó kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ Abdulfattah, nígbà tó yá, ó lọ bá Àáfà Abdulhaleem. Àáfà kọ Kùránì sí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó bu omi hàǹtú náà sínú ìgò, ó ní kí tọkọtaya mu ún. Ummu Kulthum ní òun ò ní rán an sí wọn. Òun fẹ́ fẹsẹ̀ ara òun dé ibẹ̀, kí òun rí ibi tí àwọn ọmọ òun ń sùn. Àáfà ní ó dára bẹ́ẹ̀, àwọn á jọ lọ.

Wọ́n pe Nabeelah. "À ń bọ̀ lọ́la, ìn ṣàà Alláh."

Nabeelah gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo yàrá rẹ̀ yíká. Bẹ́ẹ̀dì tóóró kan, àpótí aṣọ obìnrin, kò sí bàtà ọkùnrin kankan. Gbogbo ìlú níta, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Màláámà lọ́kọ. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó pe Abdulfattah. "Wá lónìí."

"Wá síbo?"

"Fókógí! Ibo tún ni? Màmá rẹ àti bàbá mi ń bọ̀ lọ́la. Kó aṣọ díẹ̀, kó bàtà rẹ wá. Kí àwọn ará ibí lè ti rí ọ kí wọ́n tó dé."

"Nabeelah, ṣé o ní kí n wá?"

"Mo ní kí o wá! Má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Yára, jọ̀ọ́."

Ó gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, Nabeelah ní òun ò gbọ́ ọ kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí. "Ó dáa. Mò ń bọ̀, ìyàwó mi."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Nabeelah fajú ro, ó sì pa fóònù.

Ó wá sọ fún àwọn obìnrin pé ọkọ òun ń bọ̀. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ní Màláámà olóye, tó fi ọkọ pamọ́ fún wọn látọjọ́ yìí. Ọ̀kan gbé ẹní tuntun wá, òmíràn gbá iwájú yàrá rẹ̀, òmíràn pa ẹja. Títílayọ̀ nìkan ni kò pariwo. Ó wo Nabeelah lójú, ó ní, "Nabeelah, ọkọ wo?"

"Ní sùúrù, màá ṣàlàyé."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Nabeelah dúró lẹ́bàá odò, ó ń wo òdìkejì bóyá yóò rí i. Ara rẹ̀ ò balẹ̀, àfi bí ẹni tó fi nǹkan sórí iná tó gbàgbé. Fóònù rẹ̀ dún, nọ́ḿbà Abdulfattah ni.

"Ibo lo dé?" ó bi í, inú ti ń bí i.

Ohùn ẹlòmíràn ló dáhùn. "Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin ni mo rí pé ó pè gbẹ̀yìn. 'Ìyàwó Mi' ló kọ síbí. Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó rẹ̀ lóòótọ́?"

Nabeelah tún wo òdìkejì odò.

"Mọ́tò tí wọ́n wọ̀ ló dà nù nínú òjò. Ẹ ní sùúrù. Ṣé ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n gbé e padà sí Ìlọrin, wọ́n sì sin ín gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe, láìjẹ́ kó pẹ́. Báàgì tó gbé dání ni wọ́n fún Nabeelah. Aṣọ wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, kúlà tùwó wà níbẹ̀. Ó ti yà délé lọ gbà á.

Nígbà tí wọ́n bá ń tu abiyamọ nínú, wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ta ló máa lè sọ ìyẹn fún Ummu Kulthum?

Àáfà Abdulhaleem fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Adéwọlé, ó mú un wọ yàrá Abdulfattah. "Ibí ni ilé ọkọ rẹ. Ibí lo ti máa ṣe tàkàbá rẹ." Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Opó kò gbọdọ̀ lo lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ sùn síta, kò sì gbọdọ̀ jáde lásán.

Nabeelah ò wọ yàrá yẹn rí láyé rẹ̀. Kò mọ apá ibi tí Abdulfattah máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn olùbánikẹ́dùn ń wọlé, wọ́n ń ní, "Ọlọ́hun á tu ẹ́ nínú, ẹ̀yin méjèèjì mà fẹ́ràn ara yín o." Ó ń ṣe àmín.

Ummu Kulthum ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ọ̀fọ̀ ṣẹ òun náà, ṣùgbọ́n òun ló ń bu kókó fún opó ọmọ rẹ̀, òun ló ń gbé omi àlùwàlá fún un. "Jẹun, ọmọ mi. Ìwọ ló kù fún mi."

Ìgbà yẹn gan-an ni odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Títílayọ̀ ń pè.

"Nabeelah, omi ti ń gun bèbè. Ọ̀gá àjọ ní kí gbogbo ìlú kó lọ sí òdìkejì, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ò gbà. Wọ́n ní Màláámà sọ pé ọparun máa di ilẹ̀ mú. Wọ́n ní àfi tí ìwọ bá wá sọ ọ́ fún àwọn."

"Gbé fóònù sí wọn létí. Ẹ kó kúrò! Ẹ gbọ́ mi o, ẹ kó kúrò! Ọparun yẹn ò tíì gbó!"

Ohùn ń já. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn ò gbọ́ ohun tó ń wí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ. Ó tún pè, kò wọlé. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì Abdulfattah, ó ń wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà ò tì.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá kí i, ó rọra bi í. "Bàbá, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú kí àwọn méjèèjì tó mọ ara wọn, ṣé òun náà máa ṣe tàkàbá?"

"Á ṣe é. Yìgì ni tàkàbá ń wò, kì í wo bẹ́ẹ̀dì." Àáfà gbójú sókè. "Kí ló dé tí o fi béèrè?"

"Mo kàn béèrè ni, Bàbá."

Àáfà wò ó pẹ́. Ó dìde, kò ṣe àdúrà tó máa ń ṣe kó tó lọ. Nabeelah mọ̀ pé ara ti fu ú.

Àìsùn àti ìrònú fa ibà sí Nabeelah lára. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ mu kókó, ó bì í. Ó tún bì í lọ́jọ́ kejì. Ummu Kulthum dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó wọlé wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Nabeelah. Ṣé ohun tí mò ń rò ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí ló yẹ kó ti sọ ọ́. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n wà nínú yàrá. Ó la ẹnu, ó ń wo ojú arúgbó yẹn, ojú tí kò tíì rí ayọ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Àlùhámúdúlílà!" Ummu Kulthum forí kanlẹ̀. "Ọlọ́hun, O ò jẹ́ kí ilé yìí pa run."

Ó lọ tú àpótí, ó kó aṣọ tí wọ́n fi pọn Abdulfattah nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ jáde, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn. Nabeelah ń wò ó láti ojú fèrèsé. Lójoojúmọ́ ló ń ní òun á sọ ọ́ lọ́la.

Alájì Ọ̀ṣẹ́nì, àbúrò bàbá Abdulfattah, ló wá fa ọ̀rọ̀ náà já. Ó kó àwọn ẹbí wá láti pín ogún. Àáfà Abdulhaleem wà níbẹ̀. Wọ́n pe opó jáde sí pálọ̀, ó bo ara rẹ̀ ní hìjáàbù, ó jókòó sílẹ̀.

Ummu Kulthum ní, "Ẹ ò lè pín nǹkan kan. Ọmọ wà nínú."

Alájì Ọ̀ṣẹ́nì rẹ́rìn-ín, ayọ̀ mú un. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a máa dúró. Ṣùgbọ́n ẹnu opó fúnra rẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Nabeelah, ṣé nǹkan wà níbẹ̀?"

Nabeelah dákẹ́. Ìdákẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ yìgì, wọ́n kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Ó rí i pé wọ́n tún ti fẹ́ kà á bẹ́ẹ̀.

"Kò sí," ó wí.

"Ìtìjú ni," Ummu Kulthum dá sí i. "Mo rí i tó ń bì."

"Màámi, ibà ni. Kò sí nǹkan kan."

"Ó ṣì lè wà. Oyún kékeré kì í tètè hàn."

"Kò lè sí, Màámi." Ó gbójú sókè. "Abdulfattah ò fọwọ́ kàn mí rí."

Àáfà Abdulhaleem di ojú rẹ̀.

Ummu Kulthum ń wo Nabeelah bí ẹni tí wọ́n bá sọ èdè tí kò gbọ́. "Báwo ni kò ṣe fọwọ́ kàn ọ́? Ọmọ mi tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀?"

"Kò wá sọ́dọ̀ mi rí. Èmi ni mi ò jẹ́ kó wá. Yìgì yẹn, èmi ni mo ní kó bá mi so ó, kí Bàbá lè jẹ́ kí n lọ síbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn."

"Tùwó tí mò ń rò ńkọ́?"

Nabeelah bú sẹ́kún.

"Mo ní tùwó tí mò ń rò. Ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Òun àti àwọn ará ṣọ́ọ̀bù, Màámi."

Ummu Kulthum kò pariwo. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó jáde sẹ́yìn ilé. Wọ́n rí i tó ń ká àwọn aṣọ ọmọ kúrò lórí okùn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Alájì Ọ̀ṣẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í bú Nabeelah. Ó ní kí wọ́n lé e síta. Àáfà Abdulhaleem ló dá a dúró, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ ò lè lé e. Yìgì so. Tàkàbá rẹ̀ ò tíì parí, ibí ló ti máa parí rẹ̀." Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo so ó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe Fátíhà lé irọ́ lórí." Ó mú bàtà rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá síbẹ̀ mọ́.

Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn ni Títílayọ̀ pè. Fóònù wọlé ketekete lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó kú, ó ní kó dúpẹ́ fún ìyẹn. Àwọn obìnrin náà fi bèbè sílẹ̀ nígbà tí omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo apá ibi tí wọ́n gbin ọparun sí ti wó wọ odò, òun àti ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ìyókù mọ́sálásí. Àwọn ará Fókógí ti fọ́n ká sí àwọn abúlé òdìkejì. Àjọ ti kó ẹrù wọn kúrò.

"Ṣé wọ́n bú mi?" Nabeelah bi í.

"Wọn ò bú ọ. Wọ́n ń béèrè bóyá ara rẹ ti le."

Ó wù ú kí wọ́n bú u.

Ó bi mí pé bí òun bá wà níbẹ̀, kí ni òun ì bá ṣe sí omi? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe kò burú, mo sì mọ̀ pé bàbá tó kọ̀ fún un kò ṣìkà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ̀ ń ka èyí, tí òbí yín bá tilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ tó wù yín, ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ rán àgbà sí wọn, ẹ bínú pàápàá. Ẹ má fi yìgì ṣe àkàbà. Ẹlòmíràn ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá yẹ̀.

Nínú yàrá yẹn ni Nabeelah ṣì wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ummu Kulthum kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ ń dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lórí àwo tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n kì í rí ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, arúgbó náà ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé kẹ́tù omi àlùwàlá wọlé fúnra rẹ̀. Kò jókòó. Ó dúró sí àárín yàrá ọmọ rẹ̀, ó ń wo ògiri.

"Ọjọ́ tó kú yẹn. Ìwọ lo pè é pé kó wá?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ó sáré wá gba tùwó lọ́wọ́ mi. Mo ní kó jẹ́ kí òjò dá. Kò gbà." Ó wá kọjú sí Nabeelah. "Nígbà tí o pè é, ṣé inú rẹ̀ dùn?"

Nabeelah wá ohun tó lè sọ, kò rí nǹkan mìíràn ju òótọ́ lọ.

"Inú rẹ̀ dùn, Màámi. Ó rẹ́rìn-ín."

Ummu Kulthum mi orí. Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.